Ọkọ̀ tí ó Tọ Ọ̀nà Òkò

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ọ̀rọ̀ náà kò mọ sí orí ọmọ ènìyàn nìkan. Gbogbo ohun tuntun tí ó bá wọ inú èdè kan ni ó dà bí ọmọ tuntun tí à ń retí ìsọmọlórúkọ rẹ̀. Bí a bá sì fi ìkánjú fún un ní orúkọ tí kò bá ìwà rẹ̀ mu, orúkọ náà yóò máa ṣi àwọn tí ń bọ̀ lẹ́yìn lọ́nà. Ohun tí mo fẹ́ bá ẹ̀yin òǹkàwé ìwé ọdọọdún ẹgbẹ́ wa sọ ní ọdún yìí ni ọ̀rọ̀ ọkọ̀ òfurufú ogbólógbòó kan tí ó ti fẹ̀yìn tì, àti ọ̀rọ̀ orúkọ tí a kọ sí i lára. Ọkọ̀ náà ṣe iṣẹ́ rẹ̀ bí iṣẹ́; orúkọ ara rẹ̀ ni kò sọ òtítọ́ iṣẹ́ náà. Bí àwa tí a fẹ́ fi èdè Yorùbá kọ́ ọmọ ní ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì kò bá sì ṣọ́ra, àṣìsọ inú orúkọ yẹn ni a ó túmọ̀ fún àwọn ọmọ wa.

Ọkọ̀ tí mo ń wí yìí wà ní gbangba ní pápá ọkọ̀ òfurufú Köln àti Bonn, ìlú méjì tí ó súnmọ́ra ní ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Jámánì. Ilé-iṣẹ́ Airbus ni ó kọ́ ọ, òun sì ni ẹ̀kẹta nínú gbogbo ọkọ̀ irú A300 tí wọ́n kọ́. Ọjọ́ 28 oṣù kẹfà ọdún 1973 ni ó kọ́kọ́ gbéra. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni Airbus fi í ṣe ọkọ̀ ìdánwò, tí wọ́n ń yẹ ẹ̀rọ tuntun wò lára rẹ̀. Nígbà tí ó di ọdún 1997, ilé-iṣẹ́ Novespace, tí ó fìdí kalẹ̀ sí ẹ̀bá ìlú Bordeaux ní ilẹ̀ Faransé, bẹ̀rẹ̀ sí í fi í ṣe iṣẹ́ tí ó sọ ọ́ di olókìkí: wọ́n ń gbé àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì lọ sókè kí wọ́n lè wo bí nǹkan ti ń rí nígbà tí kò bá ní ìwúwo. Iṣẹ́ yìí ni ó ń ṣe títí di oṣù kẹwàá ọdún 2014, lẹ́yìn tí ó ti fi ìgbà tí ó ju 13,000 lọ ju ara rẹ̀ sókè bí òkò. Ní ọdún 2015, ọkọ̀ mìíràn, irú A310, gba ipò rẹ̀. Kò sì burú bí ó ti jẹ́ pé ẹ̀gbẹ́ Köln ni ogbólógbòó náà wá sinmi sí, nítorí pé nítòsí pápá ọkọ̀ yìí ni olú-ilé iṣẹ́ ìwádìí òfurufú ti ilẹ̀ Jámánì wà, ibẹ̀ náà sì ni ibùdó tí àwọn ará Yúróòpù ti ń kọ́ àwọn arìnrìn-àjò inú gbalasa òfurufú.

Kì í ṣe òun ni àkọ́kọ́ nínú irú iṣẹ́ yìí. Ní ọdún 1950, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò kan tí wọ́n jẹ́ ọmọ ilẹ̀ Jámánì, Fritz Haber àti Heinz Haber, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ nígbà náà pẹ̀lú àwọn oníṣègùn ọmọ ogun òfurufú ilẹ̀ Amẹ́ríkà, kọ ọ́ sínú ìwé pé ọkọ̀ òfurufú lè mú ìwúwo kúrò lára ènìyàn fún ìgbà díẹ̀ bí awakọ̀ bá mọ ọ̀nà tí yóò tọ̀. Àwọn ará Amẹ́ríkà tẹ̀ lé ìmọ̀ràn yìí, wọ́n sì lò ó láti kọ́ àwọn arìnrìn-àjò òfurufú wọn. Méjì nínú àwọn ọkọ̀ KC-135 tí ilé-iṣẹ́ NASA lò fún un wà ní ìta gbangba lónìí bí ti Köln. Èyí tí a ń pè ní NASA 930 wà ní pápá Ellington lẹ́bàá ìlú Houston. Inú rẹ̀ ni a ti ya apá kan nínú sinimá Apollo 13, èyí tí ó jáde ní ọdún 1995. Èkejì, NASA 931, fò kẹ́yìn ní ọjọ́ 29 oṣù kẹwàá ọdún 2004, ó sì wà ní ilé àkójọ ọkọ̀ òfurufú Pima ní ìlú Tucson. Àwọn tí ó wọ ọkọ̀ wọ̀nyí fún wọn ní orúkọ àwàdà tí ó tọ́ka sí èébì. Ẹ ó rí ìdí rẹ̀ láìpẹ́.

Bí ènìyàn bá dúró níwájú ọkọ̀ ti Köln, kò sí ohun tí yóò fi mọ̀ pé iṣẹ́ rẹ̀ yàtọ̀ sí ti àwọn ọkọ̀ tí ń kó èrò lọ sí òkè òkun, àfi àkọlé ara rẹ̀. Ìyẹ́ méjì ni ó ní, ẹ́ńjìnnì kan sì wà lábẹ́ ìyẹ́ kọ̀ọ̀kan. Inú rẹ̀ ni iṣẹ́ wà. Nígbà tí ó ń ṣiṣẹ́, wọ́n ti tú ọ̀pọ̀ ìjókòó kúrò nínú rẹ̀, àyè tí ó gùn tó mítà 20, tí ó sì fẹ̀ tó mítà 5, sì ṣí sílẹ̀ láàrin rẹ̀ fún àwọn ohun èlò ìwádìí. Wọ́n fi tìmùtìmù bo ilẹ̀ rẹ̀, ògiri rẹ̀ àti àjà rẹ̀, nítorí pé nínú ọkọ̀ yìí, ara ènìyàn lè bá àjà pàdé nígbàkígbà. Ìjókòó díẹ̀ tí ó kù wà fún ìgbà tí ọkọ̀ bá ń gbéra àti ìgbà tí ó bá ń balẹ̀.

Báyìí ni iṣẹ́ náà ti ń lọ. Ọkọ̀ yóò kọ́kọ́ máa lọ gbọọrọ ní nǹkan bí mítà 6,000 sókè, pẹ̀lú eré tí ó tó kìlómítà 810 ní wákàtí kan. Lẹ́yìn náà awakọ̀ yóò fa imú rẹ̀ sókè. Fún nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá 20, ọkọ̀ yóò máa gun òkè títí imú rẹ̀ yóò fi nà sókè tó dígírì 47. Ní àkókò yìí, àwọn tí ó wà nínú rẹ̀ yóò wúwo ju bí wọ́n ti ń rí lọ, nítorí pé ìwúwo wọn yóò di ìlọ́po 1.8. Ẹni tí ó wọn kílò 70 yóò máa ṣe bí ẹni tí ó wọn kílò 126. Ọwọ́ kò ní fẹ́ gbé sókè, ẹ̀rẹ̀kẹ́ yóò wálẹ̀, ẹni tí ó bá sì gbọ́n yóò dùbúlẹ̀ jẹ́ẹ́. Nígbà tí ó bá di nǹkan bí mítà 7,600, awakọ̀ yóò dín agbára ẹ́ńjìnnì kù, yóò sì ṣe ọkọ̀ bí ẹni tí ó ju òkò, tí ó wá jọ̀wọ́ rẹ̀. Lójijì ni ìwúwo yóò parẹ́. Ènìyàn yóò kúrò nílẹ̀ láìfò, pẹ́ńsù yóò dúró lójú kan nínú afẹ́fẹ́, omi tí ó bá dànù yóò ṣù jọ róbótó bí bọ́ọ̀lù. Ọkọ̀ yóò gòkè dé nǹkan bí mítà 8,500, yóò tẹ̀ bí ọrun ọdẹ, yóò sì dorí kọ ilẹ̀. Gbogbo èyí kò ju ìṣẹ́jú-àáyá 22 lọ. Lẹ́yìn rẹ̀, awakọ̀ yóò tún gbé imú ọkọ̀ sókè, ìwúwo onílọ̀ọ́po 1.8 yóò tún padà fún nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá 20, ọkọ̀ yóò sì padà máa lọ gbọọrọ. Ìgbà 31 ni wọ́n ń ṣe èyí nínú ìrìn-àjò kan. Bí a bá ṣírò rẹ̀, àpapọ̀ àkókò àìwúwo tí ènìyàn rí nínú ìrìn-àjò kan kò ju ìṣẹ́jú 11 àti díẹ̀ lọ.

Ènìyàn mẹ́ta ni ó ń pawọ́ pọ̀ darí ọkọ̀ ní àkókò yìí. Ọ̀kan ń ṣọ́ imú ọkọ̀, bí ó ti ń gòkè àti bí ó ti ń sọ̀kalẹ̀. Èkejì ń ṣọ́ ìyẹ́, kí apá kan má baà ga ju èkejì lọ. Ẹ̀kẹta ń ṣọ́ agbára ẹ́ńjìnnì. Iṣẹ́ ẹni kẹta yìí ni kí a fi sọ́kàn. Kò pa ẹ́ńjìnnì. Agbára tí ó fi sílẹ̀ jẹ́ ìwọ̀n tí yóò ká afẹ́fẹ́ tí ń dí ọkọ̀ lọ́wọ́, kò lé, kò sì dín. Nígbà tí agbára ẹ́ńjìnnì àti ìdíwọ́ afẹ́fẹ́ bá ti bá ara wọn dọ́gba, tí ìyẹ́ kò sì gbé ọkọ̀ dúró mọ́, kí ni ó kù tí ń darí ọkọ̀? Òòfà ilẹ̀ nìkan ni. Ẹ jẹ́ kí a tún un sọ, nítorí pé orí rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wa dá lé: ní àkókò gan-an tí àwọn ènìyàn ń léfòó káàkiri inú ọkọ̀ náà, òòfà ilẹ̀ ni ọ̀gá tí ó kù lórí rẹ̀, kò sì sí ohun tí ń bá a dù ú.

Síbẹ̀, ohun tí a kọ sára ọkọ̀ náà gàdàgbà-gadagba ni “ZERO-G”. G yìí dúró fún òòfà ilẹ̀ nínú èdè òyìnbó, “zero” sì ni òdo. Ẹni tí ó bá ka àkọlé yìí, tí ó sì túmọ̀ rẹ̀ bí ó ti wà, yóò sọ fún ọmọ rẹ̀ pé ọkọ̀ yìí ń lọ sí ibi tí kò ti sí òòfà ilẹ̀. Ibi náà kò sí. Ní mítà 8,500 sókè, òòfà ilẹ̀ ṣì ju ìdá 99 nínú ọgọ́rùn-ún ti orí ilẹ̀ lọ. Kódà ní ibùdó àgbáyé tí ń yí ayé po ní nǹkan bí kìlómítà 400 sókè, níbi tí a ti ń rí àwọn arìnrìn-àjò tí wọ́n ń léfòó lójoojúmọ́, òòfà ilẹ̀ ṣì ju ìdá 88 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Bí ó bá jẹ́ pé òòfà kò sí níbẹ̀ ni, ibùdó náà ìbá ti bá ọ̀nà tirẹ̀ lọ gbọnrangandan, kì bá tí máa yí ayé po.

Ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí bá ṣe ní kàyéfì lè dán an wò nílé, láìná ju kọ́bọ̀ díẹ̀ lọ. Ẹ wá agolo mílíìkì òfìfo kan tí orí rẹ̀ ti ṣí. Ẹ fi ìṣó lu ihò méjì sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ nítòsí ìdí, ẹ fi ìka dí ihò náà, kí ẹ sì bu omi kún inú rẹ̀. Bí ẹ bá ṣí ìka, omi yóò máa tú jáde, nítorí pé omi tí ó wà lókè wúwo lé èyí tí ó wà nísàlẹ̀ lórí. Nísinsìnyí, ẹ gun orí àga, kí ẹ sì jẹ́ kí agolo náà bọ́ lọ́wọ́ yín. Láti ìgbà tí ó ti kúrò lọ́wọ́ yín títí yóò fi kan ilẹ̀, omi kò ní tú jáde mọ́. Ta ni yóò wá sọ pé òòfà ilẹ̀ kò sí níbẹ̀? Òòfà náà ni ó fa agolo wálẹ̀! Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ni pé agolo àti omi inú rẹ̀ ń jábọ́ pọ̀ bákan náà. Kò sí èyí tí ó gbé èkejì dúró, nítorí náà kò sí èyí tí ó wúwo lé èkejì lórí. Ẹ tún agolo náà pọn, kí ẹ jù ú sókè dípò kí ẹ jẹ́ kí ó bọ́. Ẹ ó rí i pé omi kò tú jáde bí ó ti ń gòkè, kò tú jáde nígbà tí ó dé góńgó, kò sì tú jáde bí ó ti ń bọ̀. Ọkọ̀ A300 ti Köln ni agolo yìí, àwọn onímọ̀ tí ó wà nínú rẹ̀ sì ni omi.

Kí ni a wá ń pè ní ìwúwo? Ẹ wo obìnrin tí ó ru agbọ̀n iṣu bọ̀ láti oko. Òòfà ilẹ̀ ń fa agbọ̀n náà, ṣùgbọ́n kì í ṣe fífà yẹn ni ọrùn rẹ̀ mọ̀. Gbígbé tí ọrùn rẹ̀ gbé e dúró ni ó mọ̀. Bí ó bá sọ agbọ̀n kalẹ̀, ọrùn fúyẹ́, bẹ́ẹ̀ ni òòfà kò fi iṣu sílẹ̀. Bákan náà ni ti ara wa. Ilẹ̀ gbé àtẹ́lẹsẹ̀ wa dúró, àtẹ́lẹsẹ̀ gbé egungun, egungun gbé ẹran ara. Gbígbé yìí láti ìsàlẹ̀ dé òkè ni à ń mọ̀ lára tí a ń pè ní ìwúwo. Bí ilẹ̀ bá yẹ̀ lẹ́sẹ̀ wa, ìwúwo lọ, òòfà kò lọ. Ní ọdún 1907, nígbà tí Albert Einstein ń ṣiṣẹ́ akọ̀wé ní ilé-iṣẹ́ tí ń fún àwọn olùpilẹ̀ṣẹ̀ ní ẹ̀rí ẹ̀tọ́ ní ìlú Bern, ohun tí ó wá sí i lọ́kàn ni pé ẹni tí ń jábọ́ kì í mọ ìwúwo ara rẹ̀. Láti inú èrò kékeré yìí ni ó ti bẹ̀rẹ̀ ìrònú tí ó gbé e dé ibi ìmọ̀ ńlá tí ó kọ́ ayé nípa òòfà.

Ìdí nìyí tí mo fi sọ pé ọ̀nà òkò ni ọkọ̀ náà ń tọ̀. Ọmọ tí ó bá ta kànnàkànnà mọ ọ̀nà yìí kí ó tó mọ ìwé: òkò gòkè, ó tẹ̀, ó sì padà bọ̀ sílẹ̀. Àwọn kan rò pé ìgbà tí ọkọ̀ bá dorí kodò nìkan ni àìwúwo ń bẹ̀rẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Láti ìgbà tí òkò ti kúrò lọ́wọ́ ni ó ti wà nínú ìjábọ́, bí ó tilẹ̀ ń gòkè, nítorí pé kò sí ohun tí ó gbé e dúró mọ́, eré ìgòkè rẹ̀ sì ń dín kù ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan. Bí a bá wá lè ju òkò náà lọ síwájú pẹ̀lú eré tí ó pọ̀ tó, ilẹ̀ yóò máa tẹ̀ kúrò lábẹ́ rẹ̀ bí òun náà ti ń jábọ́, kò sì ní kàn án láéláé. Isaac Newton ti ro ọ̀rọ̀ yìí ní nǹkan bí ọ̀ọ́dúnrún ọdún ó lé sẹ́yìn, nígbà tí ó ń fi ọta ìbọn ńlá tí a yìn láti orí òkè gíga ṣe àpẹẹrẹ. Ibùdó tí ń yí ayé po náà kò ju òkò tí kò rí ilẹ̀ bà sí lọ. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin òun àti ọkọ̀ A300 ni pé awakọ̀ ọkọ̀ ní láti gbé imú rẹ̀ sókè lẹ́yìn ìṣẹ́jú-àáyá 22, kí ilẹ̀ má baà gbà á.

Ẹ̀rí kan ṣì kù tí ó lágbára ju gbogbo ìyókù lọ. Ọkọ̀ yìí lè fún ènìyàn ní ìwúwo tí ó bá wù ú. Bí awakọ̀ bá tọ ọ̀nà tí kò tẹ̀ tó ti òkò gan-an, tí ó jẹ́ kí ìyẹ́ gbé ọkọ̀ díẹ̀, àwọn tí ó wà nínú rẹ̀ yóò wúwo bí ẹni tí ó wà nínú òṣùpá, èyí tí í ṣe ìdá kan nínú mẹ́fà ìwúwo wa. Tàbí bí ẹni tí ó wà ní ayé pupa tí à ń pè ní Mars, èyí tí ó súnmọ́ ìdá méjì nínú márùn-ún. Ní ọdún 2011, A300 yìí ṣe irú ìrìn-àjò bẹ́ẹ̀ fún àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Yúróòpù. Ǹjẹ́ awakọ̀ wá lè bu òòfà ilẹ̀ wọ̀n bí ẹni bu gàrí? Agbára ta ni òòfà ayé wà lábẹ́ rẹ̀? Gbígbé ni awakọ̀ ń bù wọ̀n. Bí ó bá gbé púpọ̀, ìwúwo pọ̀. Bí ó bá gbé díẹ̀, ìwúwo dín. Bí kò bá gbé rárá, àìwúwo dé.

Ẹnikẹ́ni lè béèrè pé kí ni èrè ìṣẹ́jú-àáyá 22. Kò kéré bí ó ti dà. Ní ìlú Bremen, ilé gogoro kan wà tí ó ga tó mítà 146, inú rẹ̀ ni wọ́n ti ń jẹ́ kí ohun ìwádìí jábọ́; ìṣẹ́jú-àáyá 4.7 péré ni ìjábọ́ náà ń gbà, ènìyàn kò sì lè bá a lọ. Nínú ọkọ̀, onímọ̀ lè dúró ti iṣẹ́ rẹ̀, kí ó tún un ṣe, kí ó sì fi ara tirẹ̀ ṣe ìdánwò. Bí a bá tan àbẹ́là níbi tí kò ti sí ìwúwo, ọwọ́ iná rẹ̀ kì í nà sókè. Yóò ká róbótó, nítorí pé afẹ́fẹ́ gbígbóná kò fúyẹ́ ju afẹ́fẹ́ tútù lọ mọ́, kò sì ní ibi tí yóò gòkè sí. Ẹ̀jẹ̀ tí ìwúwo ń fà lọ sí ẹsẹ̀ yóò ṣí lọ sí àyà àti orí, àwọn oníṣègùn yóò sì rí bí ọkàn ti ń ṣe nígbà náà. Ìnira rẹ̀ sì wà níbẹ̀. Nínú etí wa ni ohun kan wà tí ń sọ fún ọpọlọ bí ara ti dúró. Bí ìwúwo bá ń dé tí ó sì ń lọ nígbà 31, etí yóò sọ tirẹ̀, ojú yóò sọ tirẹ̀, ikùn ni yóò sì san gbèsè ìjà náà. Nítorí èyí ni wọ́n fi ń fún èrò ní oògùn kí wọ́n tó gbéra, ibẹ̀ náà sì ni orúkọ àwàdà àwọn ọkọ̀ Amẹ́ríkà ti wá.

Ó wá kan ọ̀rọ̀ orúkọ. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn olùkọ́ àti lẹ́nu àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pé “àìsí òòfà ilẹ̀” ni wọ́n ń pe ipò tí àwọn arìnrìn-àjò òfurufú ń wà. Orúkọ yìí dùn létí, ṣùgbọ́n òòfà ilẹ̀ wà níbẹ̀ pẹrẹwu. Àbá mi ni pé kí a pe ipò náà ní àìwúwo, nítorí pé ìwúwo ni kò sí. Kí òòfà ilẹ̀ dúró fún fífà tí ayé ń fa nǹkan. Kí ìwúwo dúró fún ohun tí ẹni tí a gbé dúró ń mọ̀ lára. Kí a pe ìjábọ́ tí kò sí ohun tí ó gba ni dúró ní ìjábọ́ àìfaratì. Kí a sì pe ọ̀nà tí ọkọ̀ náà ń tọ̀ ní ọ̀nà òkò. Kò sí èyí tí ó ṣàjèjì sí ẹni tí a bí sí inú èdè yìí nínú wọn.

Àwọn kan lè sọ pé àìwúwo yóò dàpọ̀ mọ́ fífúyẹ́. Kò lè dàpọ̀. Ìyẹ́ adìyẹ fúyẹ́, síbẹ̀ ó ní ìwúwo tirẹ̀ bí ó ti wù kí ó kéré tó. Òun ni ó ń mú un padà sórí ilẹ̀. Ohun tí ó fúyẹ́ ní ìwúwo díẹ̀. Ohun tí ó wà nínú àìwúwo kò ní rárá, ì báà jẹ́ erin. Àwọn mìíràn lè sọ pé àwọn òyìnbó tí ó ni ìmọ̀ náà ń sọ “zero gravity” láìbẹ̀rù, àti pé àwọn onímọ̀ wọn mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Òótọ́ ni pé àwọn onímọ̀ wọn mọ̀ ọ́n. Ẹni tí ó mọ ọlọ́mọ lè fi orúkọ ẹ̀fẹ̀ pe ọmọ náà. Àlejò tí kò mọ̀ ju orúkọ ẹ̀fẹ̀ lọ ni yóò ṣìnà dé ilé onílé. Àìmọye ọmọ ilé-ìwé tí ń sọ èdè òyìnbó náà ni ó rò pé òòfà ayé ń parí níbi tí afẹ́fẹ́ ti parí, nítorí orúkọ yìí. Ọ̀rọ̀ ti lé koko lẹ́nu wọn, ó ti di àpáta. Lẹ́nu tiwa, ó ṣì jẹ́ amọ̀ tútù.

Iṣẹ́ yìí kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ ìtura àwọn onímọ̀ èdè lásán. Láti ọdún 1970, nígbà tí ètò ẹ̀kọ́ ọlọ́dún mẹ́fà ti Ilé-Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ àbójútó Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá, tí a fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìṣírò àti sáyẹ́ǹsì fún ọdún mẹ́fà gbáko, kò sí ẹni tí ó tún lè sọ pé èdè wa kò lè gbé ìmọ̀ náà. Ohun tí ó kù ni pé kí ó gbé e tààrà. Bí ọmọ bá kọ́ ọ̀rọ̀ tí ó tọ́ ní ọjọ́ kìn-ín-ní, ọ̀rọ̀ náà yóò máa ronú fún un kódà nígbà tí olùkọ́ kò sí nítòsí. Bí ó bá kọ́ èyí tí ó wọ́, yóò ní láti tú u kí ó tó lè kọ́ òmíràn, a sì mọ̀ pé aṣọ tí a ti rán kì í tú láìya.

Mo gbóríyìn fún àwọn tí ó gbé ogbólógbòó ọkọ̀ náà sí gbangba. Wọ́n ìbá ti gé e wẹ́wẹ́ kí wọ́n tà á bí irin àlòkù. Nísinsìnyí ó dúró lórí táyà rẹ̀, ilẹ̀ gbé e, ó sì wúwo gidigidi. Òòfà tí ń fà á lónìí kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí èyí tí ó fà á ní gbogbo ìgbà 13,000 tí àwọn ènìyàn léfòó nínú rẹ̀. Gbígbé nìkan ni ó yàtọ̀. Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá gba pápá ọkọ̀ òfurufú yẹn kọjá pẹ̀lú ọmọ, tí ọmọ náà sì béèrè ìtumọ̀ ohun tí a kọ sí ọkọ̀ náà lára, ẹ má túmọ̀ rẹ̀ fún un. Ẹ sọ fún un pé ọkọ̀ àìwúwo ni, pé ó ń tọ ọ̀nà òkò. Bí ẹ bá sì padà dé ilé, ẹ lu agolo mílíìkì ní ihò méjì.

Mo fi àwọn orúkọ mẹ́rin yìí sílẹ̀ níwájú ẹgbẹ́ wa. Ẹni tí ó bá ní èyí tí ó sàn jù ú lọ, kí ó mú un wá kí ìwé ti ọdún tí ń bọ̀ tó jáde. Ìsọmọlórúkọ kì í ṣe iṣẹ́ ẹnì kan ṣoṣo.